Kí Ló Yẹ Kó Wà Lábẹ́ Fóòmù Yín?

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ fóòmù ní Mushin tàbí ní Ìdúmọ̀tà yóò gbọ́ nípa fóòmù títí yóò fi sú u. Wọ́n á sọ bó ṣe nípọn tó, wọ́n á fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ kó lè rí bó ṣe ń dìde padà, wọ́n á sọ iye ọdún tí wárántì rẹ̀ jẹ́. Ìbéèrè tí wọn kì í sábà bi oníbàárà ni pé, "Kí lẹ fẹ́ gbé e lé?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú fóòmù tí wọ́n ní ó ti jìn láàárín lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, fóòmù náà ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá lọ́jú pọ̀ sí i nígbà tí box spring, àpótí onísípíríǹgì tí wọ́n ń gbé sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, dé. Àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí London á wálé fún Kérésì, wọ́n á gbé etí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sókè, wọ́n á ní, "Ah-ah, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lo box spring ni?" Ẹlòmíràn sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà ga, ó sì tù ú lára, ó ti pinnu pé irú rẹ̀ gan-an lòun máa rà. Ní àwọn ìsọ̀ tókunbọ̀, wọ́n ń ta àpótí ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n ní box spring ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n tètè sọ èrò tèmi: ọ̀pọ̀ fóòmù tí à ń lò ní Lagos ò nílò box spring rárá. Ohun tí wọ́n nílò ni ibi tó tẹ́jú, tó le, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tó sì bá ìwọ̀n wọn mu. Káfíńtà àdúgbò yín lè ṣe é, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa ní kó ṣe. Irú fóòmù kan ṣoṣo ló kù tí ọ̀rọ̀ box spring kàn dáadáa, a ó dé ibẹ̀.

Kí ni box spring gan-an?

Àpótí igi ni, tí wọ́n to sípíríǹgì onírin sínú rẹ̀, tí wọ́n wá fi aṣọ bo gbogbo ara rẹ̀. Orí férémù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbé e lé, kí wọ́n tó wá gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé òun náà lórí. Gíga rẹ̀ sábà máa ń tó ínǹṣì 8 tàbí 9. Èyí tó kúrú wà, bí ínǹṣì 4 tàbí 5, fún ẹni tí kò fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì òun ga jù. Nígbà tó jẹ́ pé sípíríǹgì lásán àti òwú díẹ̀ ló wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì àwọn Amẹ́ríkà, iṣẹ́ àpótí yìí ò kéré. Bí ènìyàn bá jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì, sípíríǹgì òkè á tẹ̀, ti ìsàlẹ̀ náà á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á jọ pín ìwúwo ẹni náà láàárín ara wọn. Mátírẹ́ẹ̀sì ò ní tètè gbó.

Àmọ́ mátírẹ́ẹ̀sì ti yí padà. Ní 1966 ni wọ́n ṣe fóòmù tí wọ́n ń pè ní memory foam, nínú iṣẹ́ kan tí NASA gbé síta nítorí ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tó sì yá ó wọ yàrá ìsùn. Irú fóòmù bẹ́ẹ̀, àti fóòmù tí àwa náà mọ̀ nílé, kì í fẹ́ ohun tó ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fóòmù ò ní egungun. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣe rí ni òun náà á ṣe rí. Bí sípíríǹgì abẹ́ bá rì níbi ìbàdí tí kò sì rì níbi èjìká, ẹ̀yìn ẹni tó ń sùn á tẹ̀ lé e, àárọ̀ ló máa wá mọ̀.

Àwọn àgbà wa ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń wá sípíríǹgì. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Lagos á rántí bẹ́ẹ̀dì Vono, bẹ́ẹ̀dì onírin tí sípíríǹgì na ara láti etí kan dé èkejì lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó wà ní ọsibítù àti ní yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nílé ìwé. Koríko tàbí òwú ló wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì ìgbà náà, ó sì máa ń dì gbagidi, nítorí náà sípíríǹgì abẹ́ ló ń fún ara ní ìsinmi. Ní 1962 ni wọ́n dá Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn náà sì wà. Láti ìgbà tí fóòmù ti gba ipò lọ́wọ́ koríko, rírọ̀ ti kúrò lábẹ́, ó ti gun orí. Ẹni tó bá wá tún fi rírọ̀ sábẹ́, ó ti di rírọ̀ lórí rírọ̀.

Àpótí mẹ́ta tó jọra

Bí ẹ bá rí àpótí aláṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tókunbọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni box spring tòótọ́, tó ní sípíríǹgì nínú. Ẹ fi orúnkún yín tẹ àárín rẹ̀: á tẹ̀, á sì tì yín padà. Èkejì jọ ọ́ láti ìta bí ìbejì, ṣùgbọ́n pákó ìdábùú nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí sípíríǹgì kankan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní mì. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ dídún igi. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lóde òní gan-an, irú èkejì yìí ni, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń fi pè é. Ẹ̀kẹta ni divan àwọn ará London. Òun ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tàbí táyà kéékèèké, ó lè ní dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì nílò férémù kankan lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ní òtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì wù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé divan tàbí àpótí igi lásán lẹ sùn lé, àti mátírẹ́ẹ̀sì tó nípọn dáadáa. Ẹ má lọ fi ìyìn fún sípíríǹgì tí kò sí níbẹ̀.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ló bá fóòmù wa mu jù. Ó tẹ́jú, ó le, ó ga. Bí wọ́n bá tà á fún yín lórúkọ box spring, ẹ má bínú, ẹ ra á, bí kò bá ti gbówó lórí ju ohun tí káfíńtà á gbà lọ.

Fóòmù wo lẹ ní?

Fóòmù lásán, èyí tó pọ̀ jù nílé wa: orí ohun tó tẹ́jú tó sì le. Kò sí àríyànjiyàn.

Orthopaedic: òun ló ń yà mí lẹ́nu jù, nítorí àwọn tó rà á ló máa ń wá box spring jù. Ní ọjà wa níbí, ọ̀pọ̀ orthopaedic jẹ́ ègé fóòmù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ra títí tó fi le tó sì wúwo. Torí ẹ̀yìn tó ń dun ènìyàn ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ ti wá fi owó ra líle tán, ẹ tún fẹ́ fi owó ra rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó sùn lórí pákó.

Memory foam àti latex (fóòmù tí wọ́n fi oje igi rọ́bà ṣe) náà ń fẹ́ ibi tó le, wọ́n sì wúwo débi pé pákó tí kò lágbára ò lè gbé wọn pẹ́.

Ó wá ku mátírẹ́ẹ̀sì onísípíríǹgì. Oríṣi méjì ni. Nínú ọ̀kan, wọ́n fi wáyà so gbogbo sípíríǹgì pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ igun kan, ibòmíràn á mì. Èyí ni ọmọ ìyá box spring, òun ni mo ní a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ní in, tí ó sì nípọn, ẹ lè fi box spring sábẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pákó tó dáa náà kò ní ṣe é ní nǹkan. Nínú èkejì, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ tirẹ̀, ó ń dá tẹ̀, ó ń dá dìde. Orí ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé èyí sí.

Kí ẹ tó ju páálí tàbí ìwé tó bá fóòmù wá nù, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa wárántì. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń kọ irú ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Bí fóòmù bá jìn tí ẹ sì ń gbé e padà lọ, wọ́n lè béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ní ọjà, "six by six" ni wọ́n ń pè é, tàbí "four and half by six", tàbí "three and half by six". Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń kà. Àmọ́ ẹ wo lébẹ̀ẹ̀lì ara fóòmù náà: ínǹṣì ló wà níbẹ̀, "six by six" sì sábà máa ń jẹ́ 75 sí 72. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ ínǹṣì 72. Ìyẹn ni pé fóòmù náà fi ínǹṣì 3 gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ. "Four and half by six" jẹ́ 75 sí 54. "Three and half by six" jẹ́ 75 sí 42.

Káfíńtà tí ẹ bá kàn sọ fún pé "ẹ bá mi ṣe six by six" lè ṣe é ní 72 sí 72 géérégé, kò sì ṣẹ̀ yín. Ọjọ́ tí fóòmù bá dé, ẹ ó fi orúnkún tì í wọ àárín pákó orí àti pákó ẹsẹ̀, á sì ká sókè láàárín. Wọ́n á ní, "Ẹ máa sùn lé e, á wọlé." Kò ní wọlé. Ẹ fi tépù wọn fóòmù yín, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà, ẹ fún káfíńtà, kí ẹ sì ní kó fi ínǹṣì kan àyè sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan kí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lè ríbi wọ̀.

Bó bá jẹ́ àpótí tókunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ tún le sí i, nítorí ìwọ̀n àwọn òyìnbó kì í ṣe tiwa. Èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní full jẹ́ ínǹṣì 54 ní fífẹ̀ àti 75 ní gígùn, bákan náà ni double ti London. Ẹ̀yin tó ní "four and half" ṣe oríire: méjèèjì bá fóòmù yín mu. Queen Amẹ́ríkà jẹ́ 60 sí 80, king wọn jẹ́ 76 sí 80. King London kéré sí ti Amẹ́ríkà, bí 60 sí 78. Super king wọn ló jẹ́ 72 sí 78.

Ẹ wá gbé fóòmù "six by six" wa sórí wọn. Lórí queen Amẹ́ríkà, ínǹṣì 6 á rọ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, 6 á rọ̀ sílẹ̀ lápá òsì, ẹni tó bá jókòó sétí á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, etí fóòmù á sì fọ́ láìpẹ́. Lórí king Amẹ́ríkà, ínǹṣì 4 á ṣẹ́kù ní fífẹ̀, 5 á ṣẹ́kù ní gígùn, fóòmù á sì máa rìn kiri. Super king London ló súnmọ́ ọn jù: fífẹ̀ wọn dọ́gba, gígùn nìkan ló fi ínǹṣì 3 jù, ẹ sì lè ti ìyẹn sí ìdí ògiri. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "king ni, gbogbo king ọ̀kan náà ni", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fa tépù yọ.

Nǹkan kan tún wà. Box spring king Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹyọ kan. Apá méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 38 sí 80, tí wọ́n á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta apá kan ṣoṣo fún ènìyàn pé ti ọmọdé ni. Kò burú fún ọmọdé lóòótọ́, àmọ́ fóòmù wa tó fẹ̀ ní 36 tàbí 42 ò ní bá a mu.

Bí káfíńtà bá máa ṣe é

Èmi, ọ̀dọ̀ káfíńtà ni mo máa ń rán àwọn ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àyè tó wà láàárín pákó ìdábùú kan sí èkejì. Kò gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 3 lọ fún fóòmù. Ẹ ò nílò tépù láti mọ̀ ọ́n: ẹ to ìka yín mẹ́rin pọ̀, àtàǹpàkò kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì kì wọ́n bọ àyè náà. Bí wọ́n bá wọlé tí ibẹ̀ sì tún ṣẹ́ku, ó ti fẹ̀ jù. Fún fóòmù tó gùn ní ínǹṣì 75, bí pákó bá fẹ̀ ní ínǹṣì 3, tí àyè náà jẹ́ 3, pákó 13 ló máa gbà. Lọ́pọ̀ ibi, mẹ́fà ni káfíńtà máa ń fi sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: pákó mẹ́fà gba ínǹṣì 18, ó ku 57 tí àyè márùn-ún máa pín, ìyẹn lé ní ínǹṣì 11 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóòmù á máa rì sínú ihò wọ̀nyẹn díẹ̀díẹ̀ lóru, ẹ ò sì ní rí i títí ẹ ó fi yí i dojú délẹ̀.

Ìkejì ni ẹsẹ̀ àárín. Bẹ́ẹ̀dì tó bá ti fẹ̀ tó "six by six" gbọ́dọ̀ ní igi kan tó gba àárín rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kí igi náà sì ní ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbi iṣẹ́ rèé:

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ sí àárín."

"Àǹtí mi, ẹ má dààmú, igi tó le ni mo lò, kò lè tẹ̀."

Á tẹ̀. Pákó tó na ara ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láìsí ohun tó gbé e dúró láàárín, bí ìwúwo kan náà bá wà ní àárín rẹ̀, á tẹ̀ ní ìlọ́po 8 ju èyí tó na ara ní mẹ́ta lọ. Líle igi ò lè san gbèsè yẹn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láàárín ló pín mẹ́fà sí mẹ́ta àti mẹ́ta. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe ènìyàn méjì nìkan ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ní Lagos. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì, àti ọmọ àbúrò tó wá kí wọn láti Ìkòròdú: gbogbo wọn wà níbẹ̀ nígbà tí iná bá lọ tí yàrá kejì sì gbóná. Bí ẹ bá lo box spring pàápàá, ẹsẹ̀ àárín yìí kò ṣeé yọ sílẹ̀. Àpótí náà á tẹ̀ bí kò bá sí ohun tó gbé e ró.

Ẹ tún wo bó ṣe gbé igi àárín náà kalẹ̀. Igi "two by four" tí wọ́n dá dúró lórí etí rẹ̀ tóóró le láti tẹ̀ ní ìlọ́po 4 ju irú rẹ̀ kan náà tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Owó kan náà, igi kan náà. Àwọn káfíńtà àgbà mọ èyí dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú ló máa ń tẹ́ ẹ, nítorí pé ó rọrùn láti kan ìṣó mọ́ ọn.

Ní ti irú igi, bí ẹ bá lọ sí ọjà pákó, tàbí bí ẹ bá rán káfíńtà lọ, ẹ béèrè pákó tó ti gbẹ. Pákó tútù á sún kì, á sì lọ́ nígbà tó bá gbẹ sílé yín. Arère fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lè lò ó fún pákó ìdábùú bó bá nípọn. Ẹ má fi ṣe igi àárín tàbí ẹsẹ̀. Ìrókò àti òpèpè lágbára ju iṣẹ́ náà lọ. Bẹ́ẹ̀dì MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tí wọ́n fi aṣọ bò tó ń dán gbinrin nínú ìsọ̀, ẹ gbé fóòmù rẹ̀ kúrò kí ẹ tó san owó. Ohun tó wà lábẹ́ lẹ fẹ́ rí. MDF máa ń wú bí omi bá kàn án, àti pé bí nọ́ọ̀tì bá ti jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í dì mú dáadáa mọ́. Ẹni tó ń kó ilé lọ́dún méjì-méjì kò gbọdọ̀ rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ pákó pẹrẹsẹ dípò ìdábùú, plywood ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló dáa. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ni wọ́n ń ta odindi kan, nítorí náà "six by six" á gba méjì: ẹ ní kí wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ínǹṣì 36 sí 75, kí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì bọ́ sórí igi àárín. Kí wọ́n fi dírìlì lu ihò kéékèèké sí i káàkiri. Ihò yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ìlàágùn òru ń gba inú fóòmù lọ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ Lagos fúnra rẹ̀ sì ti kún fún ọ̀rinrin, pàápàá ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Bí kò bá rí ibi jáde, abẹ́ fóòmù á bu, ẹ ó rí àmì dúdú-dúdú, yàrá á sì máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí fóòmù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìsì. Ẹni tí kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì lè gbé e sílẹ̀ ná, kò sí ẹ̀sùn, kó ṣáà máa gbé e fara ti ògiri láràárọ̀.

Àti ọ̀rá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀rá iléeṣẹ́ kúrò lára fóòmù. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ tọ̀ sí i. Ẹ ra aṣọ ìbora tí omi kì í wọ̀. Ọ̀rá yẹn ń sé ooru mọ́ ẹ̀yin, ó sì ń sé omi mọ́ fóòmù.

Ẹ ti ra box spring tókunbọ̀ tán, àbí?

Ó dáa. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ níta nínú oòrùn. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní abẹ́ rẹ̀. Ẹ fa á ya. Ibẹ̀ ni ìdun ń gbé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun igi, sí ojú ìṣó àti sí ibi tí aṣọ ti ká. Àmì dúdú wínníwínní, awọ ìdun tó ti bọ́, tàbí ẹyin funfun: ọ̀kan nínú wọn tó láti dá a padà. Ìdun lè wà láàyè fún oṣù mélòó kan láìjẹun, nítorí náà pé àpótí náà ti pẹ́ nínú kọ̀ntẹ́nà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má sì lọ da oògùn apakòkòrò líle sí ohun tí ẹ ó máa fi orí lé lálaalẹ́. Nítorí jàǹbá rẹ̀ ni NAFDAC ṣe kéde ní 2019 pé àwọn ò fẹ́ ìgò kékeré dichlorvos, irú oògùn tó wà nínú Sniper, lọ́jà mọ́.

Lẹ́yìn ìdun, ẹ wo sípíríǹgì. Ẹ̀yin tó ń gbé létí òkun tàbí létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ á mú kí irin tètè dípẹtà. Bí sípíríǹgì bá ti ń dún kíkẹ́-kíkẹ́ ní ìsọ̀, nílé á wá máa kọrin. Bí ó bá sì ti jìn díẹ̀ àmọ́ tí igi rẹ̀ ṣì dáa, plywood tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sí àárín àpótí náà àti fóòmù. Ó ti di pẹrẹsẹ nìyẹn. Owó sípíríǹgì ti lọ ná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín á sinmi.

Ẹ ronú nípa àtẹ̀gùn náà. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó tí àtẹ̀gùn wọn há, tó sì ṣẹ́ kọ́ńdọ́rọ́, fóòmù á ká wọlé, box spring kì í ká. Kọ́rọ́pẹ́ lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín, kó sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó jẹ́ apá méjì, tàbí pákó tí káfíńtà á tò pọ̀ nínú yàrá, ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ férémù bá jẹ́ ínǹṣì 7, àpótí 9, fóòmù 12, ó ti di 28, ìyá àgbà ò ní lè gùn ún, bí ọmọ kékeré bá sì jábọ́ níbẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Kí ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀ jókòó sétí. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́lẹ̀ dáadáa tí orúnkún rẹ̀ sì ṣẹ́ wẹ́rẹ́, ó tọ́.

Fún ẹ̀yin tí bẹ́ẹ̀dì yín ti jìn báyìí, tí ẹ kò sì mọ ẹni tí ẹ ó mú, ṣé fóòmù ni tàbí abẹ́ rẹ̀: ẹ gbé fóòmù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sùn lé e níbẹ̀. Bí ara bá tù yín ní àárọ̀, tí àárín rẹ̀ kò sì jìn, fóòmù ò jẹ̀bi, ẹ pe káfíńtà. Bí ó bá ṣì jìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fóòmù ló gbó, kò sí pákó tàbí sípíríǹgì tó lè tún un ṣe. Ẹ wá rísíìtì yín, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lórí wárántì.